Sókàwéè Tí Kì Í Kún, Ibo Ni Ìgbẹ́ Inú Rẹ̀ Ń Lọ?

Wọ́n tún ti sọ ọ́ o. Ní ìpàdé lándílọ́ọ̀dù àdúgbò wa lápá Mọ́níyà n'Ìbàdàn, alàgbà kan fẹ́ mú oníṣẹ́ wá fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́lé. Ó ní, "Ọmọ yẹn mọṣẹ́. Ó máa ń gbẹ́ ẹ títí tó fi máa kan omi ni. Sókàwéè tó bá ṣe kì í kún láéláé." Gbogbo èèyàn ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Oníṣẹ́ tó bá ṣèlérí fún yín pé sókàwéè òun kò ní kún, ẹ sá fún un. Kì í ṣe pé ó ń purọ́ o. Ó lè má kún lóòótọ́, ohun tó burú níbẹ̀ gan-an nìyẹn.

Sókàwéè tó péye, kòtò méjì ni. Àkọ́kọ́, tí àwọn pílọ́mbà ń pè ní septic tank, bọ́lọ́ọ̀kù la fi ń mọ ọ́, a ó da kọnkéré sí ìsàlẹ̀, a ó sì rẹ́ inú rẹ̀ kí ó má baà jò. Ibẹ̀ ni ìgbẹ́ ti ń rọlẹ̀, tí ọ̀rá sì ń léfòó. Kòkòrò inú rẹ̀ á jẹ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò lè jẹ ẹ́ tán, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á máa kó jọ sísàlẹ̀. Omi àárín nìkan ló ń gba páìpù kọjá sí kòtò kejì, kí ilẹ̀ fà á mu. Kòtò àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ kún ni. Ní bí ọdún 3 sí 5, ẹ ó pe ọkọ̀ tó ń fa ìgbẹ́. Bí ogún ọdún bá kọjá tí ẹnikẹ́ni ò fa nǹkan kan, ìgbẹ́ kò ní ìyẹ́, ó ti jò gba ibì kan lọ.

Ibo? Inú omi tí ẹ̀yin àti aládùúgbò yín ń fà nínú kànga. Ilẹ̀ tó wà láàárín ìdí kòtò àti omi abẹ́ ilẹ̀, tí afẹ́fẹ́ ṣì wà nínú rẹ̀, òun ni asẹ́ wa. Ibẹ̀ ni kòkòrò àìsàn ti ń há, tó sì ń kú. Ó yẹ kí ó nípọn tó mítà 1.5 sí 2. Ẹni tó bá gbẹ́ kòtò kan omi ti ya asẹ́ náà. Ìbàdàn tún wá jẹ́ ìlú orí àpáta. Bí omi ìdọ̀tí bá ti wọ ojú ibi tí àpáta là, kò sí ohun tí yóò sẹ́ ẹ mọ́, yóò máa sáré lọ ni. Ẹ má sọ fún mi pé bóìhóòlù lẹ̀ ń lò, inú àpáta tó là yẹn náà ló ti ń fa omi.

Ilé àbúrò ìyá mi lọ́nà Omi-Àdìó ni mo ti fojú rí i. Oníṣẹ́ tó gbẹ́ tirẹ̀ fọ́nnu dáadáa pé òun kan omi. Lóòótọ́, kò kún. Àmọ́ bí òjò bá ti ń rọ̀ gan-an, omi kànga ẹ̀yìnkùlé á máa hó lójú bí omi tí wọ́n fi fọṣọ, àwọn ọmọ á sì máa ṣu omi. Wọ́n ní ayé ni. Wọ́n pe wòlíì. Èmi bu omi náà lọ sí ilé àyẹ̀wò. Èsì dé: E. coli, kòkòrò tó jẹ́ pé inú ìfun èèyàn àti ẹranko nilé rẹ̀, ló kún inú omi náà. Ayé kọ́, ìgbẹ́ ni.

Wọ́n á ní àwọn á máa sè é. Ó dáa, sísè ń pa kòkòrò. Kò lè yọ nitrate, èròjà tó ń ti inú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ wá, tó léwu fún ọmọ ọwọ́ tí wọ́n ń fi irú omi bẹ́ẹ̀ po mílíìkì fún. Bí omi ṣe ń gbẹ lórí iná, ṣe ni nitrate náà tún ń ki sí i.

Ẹlòmíràn á ní ti ilé bàbá òun ní Bẹẹrẹ kò kún rí. Garawa omi kan ni bàbá ń dà sí i. Ẹ̀yin ń da omi ìwẹ̀, omi ìfọṣọ àti ti ayálégbé mẹ́rin sí tiyín. Ẹni tó ń ra oògùn inú láílọ́ọ̀nù pé kó lọ jẹ ìgbẹ́, owó rẹ̀ ló ń jẹ. Kòkòrò tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, inú ìgbẹ́ ló ti ń wá.

Mo gbà, níbi tí omi ilẹ̀ bá jìn tí ilẹ̀ sì ní yanrìn, kòtò kejì lè pẹ́ púpọ̀ láìṣe wàhálà. Kòtò kejì ni mo wí o.

Ta wá ni kí ẹ gbé iṣẹ́ fún? Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè ibi tí kànga yín wà, àti ti aládùúgbò. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín, ìyẹn nǹkan bí 100 ẹsẹ̀ bàtà, gbogbo gígùn pulọ́ọ̀tì tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 50, tó gùn ní 100. Ẹ wo bó ṣe le tó, kí ẹ wá wo bíríkìlà tó kàn nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé pé "ibí dáa." Ẹni tó mọṣẹ́ á gbẹ́ ihò kékeré, á pọn omi kún un, á dúró wo bí ilẹ̀ ṣe ń fà á. Á béèrè ibi tí omi kànga máa ń ga dé ní oṣù Kẹsàn-án, torí inú ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n máa ń gbẹ́ ẹ, nígbà tí ilẹ̀ gbẹ táútáú, tí kòtò sì ń tanni jẹ. Á fi ojú ihò sílẹ̀ níbi tí ọkọ̀ lè dé. Èyí tó bá da kọnkéré bo gbogbo rẹ̀ pátá, kò retí kí ẹnikẹ́ni ṣí i wò.

Ẹ ní kó mú yín lọ sí ilé tó ti ṣe fún èèyàn láti bí ọdún márùn-ún, kó jẹ́ nígbà òjò. Ẹ bi onílé bóyá ó ti pe ọkọ̀ wá fà á rí. Bó bá ní "Rárá o, kò kún rí," ẹ bi í léèrè ibi tó ti ń pọn omi mu.