Iyọ̀ àti fínígà kì í di aró àdìrẹ mú

Kò sí ẹni tó ra àdìrẹ rí tí kò tíì gbọ́ ọ: "Ẹ kọ́kọ́ rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ àti fínígà mọ́jú, kò ní ṣí mọ́." Àwọn tó ń tà á pàápàá ń sọ ọ́ fún oníbàárà. Kì í ṣe òótọ́, ó sì ń dunni pé aṣọ tó gba wàhálà tó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń fi omi iyọ̀ dá lóró.

Ẹ jẹ́ ká wo inú ìkòkò. Ewé ẹlú tí wọ́n gún, tí wọ́n ṣù, tí wọ́n sá gbẹ ni aláró ń kó sínú omi eérú, á sì fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó kan. Aró fúnra rẹ̀ kì í yòrò nínú omi. Kíkan yẹn ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń yòrò, ìgbà tó bá sì yòrò nìkan ló lè wọ inú òwú.

Tí wọ́n bá fa aṣọ yọ, ẹ wò ó dáadáa: àwọ̀ ewé ló máa kọ́kọ́ ní. Kò ní pẹ́ tí etí rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í di búlúù, ṣùgbọ́n inú ibi tó ṣẹ́ po á ṣì wà ní àwọ̀ ewé títí wọn ó fi tú u síta. Atẹ́gùn ló ń ṣiṣẹ́ yẹn. Ó ń sọ aró padà di ohun tí kì í yòrò, aró á sì há sínú òwú. Ohun tó dì í mú kò ju háhá yẹn lọ.

Kí ló wá ń mú kó ṣí? Ìkánjú ló wọ́pọ̀ jù. Aláró tó fẹ́ kó dúdú kíákíá á ri aṣọ bọ aró líle lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, aró á sì kó jọ sójú aṣọ dípò kó wọnú. Ìṣẹ́jú 3 sí 5 nínú aró, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 nínú atẹ́gùn, kí wọ́n tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ: bó ṣe ń dúdú tó sì ń dúró nìyẹn. Ẹlòmíràn ò ní dúró de atẹ́gùn. Aṣọ ṣì ní àwọ̀ ewé tó fi tì í bọ omi, aró tó ṣì ń yòrò á bá omi lọ. Bí wọn ò bá sì fọ sítáàṣì kúrò lára aṣọ funfun tuntun, sítáàṣì ló máa gba aró; ọjọ́ tó bá ṣí, tòun taró ni.

Àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi ẹ̀kọ ya ọnà sí lára, tiẹ̀ tún le ju oníko, èyí tí wọ́n fi ìko dì, lọ. Ẹ̀kọ láfún tí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ kọ ọnà tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn sára aṣọ kò fẹ́ kí omi pẹ́ lára òun. Bó bá rọ̀ jù, aró á yọ́ wọ abẹ́ rẹ̀, ọnà á bàjẹ́. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó tún un rì.

Iyọ̀ ní ibi tó ti wúlò. Àwọn aró kẹ́míkà kan wà fún òwú tí wọ́n ń da iyọ̀ sí nígbà tí iṣẹ́ ṣì ń lọ lọ́wọ́, kó lè ti aró sún mọ́ aṣọ. Sódà ló wá ń dì í mọ́ ọn. Iyọ̀ inú omi ìfọṣọ, lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti parí, kò rí nǹkan kan tì. Aró irun àgùntàn àti sílíkì ni fínígà wà fún. Lára àdìrẹ, kò lè ṣe ju kó pa agbára kọ́sítíìkì, sódà líle tí àwọn aláró kan ń lò dípò eérú, tó bá ṣẹ́ kù lọ.

Ẹ fi àkísà funfun tó tutù díẹ̀ ra ojú aṣọ. Bó bá yọ aró, ẹ dá aṣọ náà fọ̀ lọ́tọ̀ pẹ̀lú omi tútù àti ọṣẹ tí kò le, ẹ má rẹ ẹ́ mọ́jú, kẹ́ ẹ sì sá a síbòji. Omi àkọ́kọ́ á dúdú, pàápàá bó bá jẹ́ aṣọ tí wọ́n lù kó lè máa dán. Aró ojú aṣọ nìyẹn, ó yẹ kó kúrò. Bó bá di ìfọ̀ kẹfà tí omi ò tíì mọ́, ìdí ìkòkò ni àléébù ti wá, ẹ dá a padà fún ẹni tó rẹ ẹ́.