Ehoro kì í ṣe ọ̀bùn, abọ́ tẹ́ ẹ gbé fún un ló kéré

Ẹ gbọ́ ná, ta ló kọ́kọ́ sọ pé ehoro ò ṣe é kọ́ bó ṣe máa su síbì kan? Torí gbogbo ẹni tó bá ti wọ pálọ̀ mi tó rí Dúdú, ehoro mi, lórí kápẹ́ẹ̀tì, ọ̀rọ̀ kan náà ni, ṣé kò ní su kún ilé báyìí. Màmá tó ń ta ẹ̀wà níwájú ilé wa ní ṣe ni mo fowó mi ra òórùn. Mo mọ ibi tó ti wá ṣá, ehoro tá a fẹ́ jẹ lọ̀pọ̀ wa mọ̀, inú kéèjì onírin, ibi tó bá dúró sí ló ń su sí, ó ń já bọ́ sísàlẹ̀.

Oṣù àkọ́kọ́ yẹn, èmi náà fẹ́ gbà. Mo ra àpótí kékeré onígun mẹ́ta kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí wọ́n ń há sí kọ̀rọ̀, wọ́n ya ehoro sára páálí ẹ̀, mo ní a jẹ́ pé tiwọn nìyẹn. Dúdú á wọ inú ẹ̀ o, á gbé ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí i, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ á yọ síta, á wá tọ̀ yàà sórí táìsì. Mo ń bínú sí i! Àfìgbà tí mo jókòó tì í lọ́jọ́ Sátidé kan ni mo rí i pé ọmọ ọlọ́mọ gbà pé inú ṣálángá lòun wà. Ó mọ ibẹ̀, ibẹ̀ ni ò gbà á.

Ehoro fúnra ẹ̀ ló máa ń yan igun tó ń tọ̀ sí, tiwa ni ká gbé nǹkan tó fẹ̀ síbẹ̀, tó lè na ara nínú ẹ̀ kó sì yí po. Báàfù onírọ́bà tí wọ́n fi ń rẹ aṣọ ni mo lò, mo fi ọ̀bẹ gbígbóná gé ẹnu ẹ̀ wálẹ̀ níbì kan kó lè rọrùn láti wọlé, mo sì ha ojú ibẹ̀ kó má gé e lẹ́sẹ̀.

Èyí tí ẹ ò ní gbà gbọ́ ni pé bó ṣe ń jẹ ló ń su. Kóró 200 sí 300 lóòjọ́, ẹ ṣèṣirò ẹ̀! Mo so koríko gbígbẹ mọ́ ẹ̀gbẹ́ báàfù níbi tí ẹnu ẹ̀ á ti tó o, á jókòó síbẹ̀ fún ìdajì wákàtí, ẹnu ń ṣiṣẹ́, ìdí ń ṣiṣẹ́. Ó rí bákan lójú wa, bí ẹni gbé àmàlà wọ ṣálángá, ṣùgbọ́n ehoro yìí kan náà ló ń tẹnu bọ ìdí ara ẹ̀ láti jẹ ìgbẹ́ rírọ̀ tó ṣù bí èso àjàrà, oúnjẹ ni fún un, ẹ má lé e.

Ẹni tó bá ní kẹ́ ẹ da yẹ̀pẹ̀ tí ológbò ń su sí sínú báàfù, èyí tó máa ń dì tómi bá kàn án, ẹ má dá a lóhùn. Ehoro á tọ́ ọ wò, á dì sínú ìfun ẹ̀, ehoro ò sì lè bì. Mo gbé sọ́dọ́ọ̀sì wá láti ọjà pákó Bódìjà rí, ọ̀sẹ̀ kan ló fi ń sín. Ìwé ìròyìn àtijọ́ tí mo fà ya, koríko gbígbẹ lórí ẹ̀, ó tán.

Òórùn yẹn, ìtọ̀ tó ti sùn mọ́jú mélòó kan ni, kì í ṣe ara ehoro. Ojoojúmọ́ ni mo ń da tiẹ̀ nù. Ẹ̀fun funfun tó ń gan mọ́ ìdí báàfù, fínígà ló ń ká a, ọṣẹ ò rí i ṣe. Ṣùgbọ́n akọ tó ti tó oṣù 4 sí 6 tí wọn ò tíì tẹ̀ lọ́dàá, kò sí báàfù tó gbà á, á máa tọ̀ káàkiri láti fi sàmì ilé ni, dókítà ẹranko ló lọ̀rọ̀ ẹ̀.

Màmá ẹlẹ́wà wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ń fimú fínlẹ̀ káàkiri pálọ̀, kò rí nǹkan kan. Ní báyìí, òun ló ń gbé kẹ́ńgẹ́ wá gba ìgbẹ́ Dúdú fún ata tó gbìn.