Àtúnṣe: Kò sí áàpù tó ń ṣe root fún gbogbo tábúlẹ́ẹ̀tì láìṣí bootloader

Ọ̀kun o, ẹ̀yin ará Kàbà, Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ́. Wọ́n ń pín in kiri lórí WhatsApp pé áàpù kan wà, ẹ tẹ bọ́tìnì ẹ̀ẹ̀kan, tábúlẹ́ẹ̀tì Android yòówù á gba root (àṣẹ pátápátá lórí ẹ̀rọ), láìṣí bootloader, ìyẹn ètò tó ń tan ẹ̀rọ, tí wọ́n sábà máa ń tì pa. Irọ́ ni.

Ó ṣeé ṣe rí lóòótọ́. Ní 2014, áàpù Towelroot gba ihò kan nínú kernel (ọkàn Android) wọlé. Wọ́n ti dí ihò yẹn tipẹ́.

Lóde òní, bootloader tó wà ní títì ń yẹ òǹtẹ̀ boot.img (fáìlì tí Android fi ń bẹ̀rẹ̀) wò kó tó jẹ́ kí ẹ̀rọ tàn. Magisk, áàpù tí wọ́n fi ń ṣe root, sì ní láti yí fáìlì náà gan-an padà. Òǹtẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Fastboot, irinṣẹ́ tí a fi ń ti fáìlì sínú ẹ̀rọ láti orí kọ̀ǹpútà, pàápàá kò ní gbà á wọlé.

Ẹ kọ́kọ́ kó fọ́tò àti nọ́ńbà yín sí ibòmíì, torí ṣíṣí bootloader máa ń nu gbogbo rẹ̀. Nínú Settings, ẹ tẹ "Build number" lẹ́ẹ̀méje, kí "Developer options" lè yọ, kí ẹ tan "OEM unlocking" níbẹ̀. Tí kò bá sí níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ dá ara yín láàmú. Lẹ́yìn náà, lórí ọ̀pọ̀ tábúlẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ àṣẹ "fastboot flashing unlock" láti orí kọ̀ǹpútà. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ kún ni kí ẹ lò, kí iná má baà lọ mọ́ yín lọ́wọ́.

Boot.img tí ẹ máa fi Magisk yí padà, tí ẹ ó sì fi fastboot tì sínú ẹ̀rọ, gbọ́dọ̀ bá Build number yín mu rẹ́gí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ á kàn máa tàn, á máa kú. Tábúlẹ́ẹ̀tì tó bá Android 13 jáde sábà máa ń lo init_boot.img dípò boot.img. Ẹ má sì ti bootloader padà nígbà tí Magisk ṣì wà níbẹ̀: kò ní tàn mọ́.