Àwòrán ìyẹ́ nìkan kò tó

Mi ò fara mọ́ ibi tí ẹ ti kọ ọ́ pé àwòrán ìyẹ́ ló fi hàn pé ẹ̀yà tuntun ni àfòpiná Jàpáànì yìí. Nínú ẹbí Gracillariidae, tí ìdin wọn ń gbé inú ewé, ìyẹ́ ẹ̀yà méjì lè jọra bí ìbejì, ọwọ́ bá sì kàn án báyìí, ìpẹ́ rẹ̀ á bó bí àtíkè. Ẹ̀yà ìbímọ tó wà níparí ikùn ni kí ẹ wò, òun ló máa ń fi ìyàtọ̀ hàn. Wọ́n á yọ ikùn, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi potassium hydroxide ìdá 10 nínú 100, wọ́n á gbé e sórí omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹran rẹ̀ yọ́, kí ẹ̀yà ìbímọ tó le koko ṣẹ́kù. Tó bá pẹ́ jù, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó so ó pọ̀ á já, ó bàjẹ́ nìyẹn, pàápàá tó bá jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n rí.

Ní ti ẹni tó sọ lókè yẹn pé DNA ti tó, òótọ́ ni pé ẹsẹ̀ kan péré tó láti ka lẹ́tà 658 ti COI, apá DNA tí wọ́n fi ń dá ẹ̀yà ẹranko mọ̀. Àmọ́ holotype, ẹyọ kan pàtó tí orúkọ tuntun náà rọ̀ mọ́, ṣì gbọ́dọ̀ wà nípamọ́ níbi tí ẹlòmíràn ti lè yẹ̀ ẹ́ wò.