Donald Woods Ti Ṣe Tirẹ̀, Ó Ku Ilé Ẹjọ́

Ọjọ́ 12 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025 pé ọdún 48 gẹ́lẹ́ tí Steve Biko, ajìjàgbara ènìyàn dúdú tó ń bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà, kú sí àhámọ́ ọlọ́pàá. Ọjọ́ náà ni ìjọba South Africa tún gbé ọ̀rọ̀ ikú rẹ̀ padà síwájú ilé ẹjọ́ gíga ní Gqeberha, ìlú tí wọ́n ń pè ní Port Elizabeth láyé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwa kò tíì ní bá wọn jó sí i. Ohun tí adájọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ máa tú wò, olóòtú ìwé ìròyìn kan ti tú u wò, ó ti kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì ti torí rẹ̀ sá kúrò nílùú kí ọdún 1977 tó parí. Ìwé tó kọ ti wà lórí àtẹ láti 1978. Àwọn tó bá ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà jà sì ti wà lórí àlééfà láti 1994. Kí ni wọ́n wá ń dúró dè láti ọjọ́ yìí?

Donald Woods ni olóòtú tí à ń sọ. Òyìnbó ni. Ọdún 1933 ni wọ́n bí i sí Hobeni ní ilẹ̀ Transkei, níbi tí bàbá rẹ̀ ti ń tajà fún àwọn ará abúlé, èdè Xhosa sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu láti kékeré. Gbígbọ́ èdè kò sọ ọ́ di ọ̀rẹ́ ènìyàn dúdú lójú ẹsẹ̀. Èrò àwọn òyìnbó yòókù lòun náà gbé dàgbà, ìgbà tó ń kẹ́kọ̀ọ́ òfin ní Yunifásítì Cape Town lojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í là. Ó fi òfin sílẹ̀, ó di akọ̀ròyìn, nígbà tó sì di 1965 ó ti di olóòtú Daily Dispatch ní ìlú East London. Níbẹ̀ ló ti ní kí àwọn akọ̀ròyìn dúdú àti funfun jókòó pọ̀ nínú yàrá ìròyìn kan náà, nǹkan tí ìjọba ìgbà yẹn kò fẹ́ rí rárá.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rẹ́ Biko ni Woods láti ìbẹ̀rẹ̀ kò tíì gbọ́ ìtàn náà tán. Woods ń fi ìwé ìròyìn rẹ̀ bu ẹnu àtẹ́ lu ẹgbẹ́ Black Consciousness tí Biko dá sílẹ̀, ẹgbẹ́ tó ń ní kí ènìyàn dúdú mọ iyì ara wọn, kí wọ́n sì fúnra wọn jà fún òmìnira wọn. Ó ní ẹ̀yà-mi-ló-jù náà ni, pé ó kàn gba ọ̀nà kejì wá ni. Dókítà Mamphela Ramphele, ọ̀dọ́ obìnrin tó ń bá Biko ṣiṣẹ́, gbéra, ó lọ bá a ní ọ́fíìsì, ó sì bi í pé kí ló dé tó ń kọ̀wé nípa ẹni tí kò tíì bá sọ̀rọ̀ rí. Olóòtú mélòó ni wọ́n máa bi ní irú ìbéèrè yẹn tí kò ní lé àlejò jáde? Woods lọ sí King William's Town. Ibẹ̀ ni ìjọba sé Biko mọ́ láti 1973: kò gbọdọ̀ kúrò nílùú náà, kò gbọdọ̀ bá ju ẹnì kan lọ jókòó lẹ́ẹ̀kan náà, ìwé ìròyìn kankan kò sì gbọdọ̀ tẹ ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu rẹ̀ jáde. Àwọn méjèèjì jiyàn jiyàn, wọ́n sì di ọ̀rẹ́. Nígbà tí Woods fi tó mínísítà ètò ìdájọ́, Jimmy Kruger, létí pé àwọn ọlọ́pàá inú fọ́ ọ́fíìsì àwọn ènìyàn Biko, orúkọ ẹni tó sọ fún un ni ìjọba ní kó wá dá. Ó kọ̀. Wọ́n dájọ́ ẹ̀wọ̀n fún un, kó tó wá jàre ní kòtẹ́milọ́rùn.

Ọjọ́ 18 oṣù Kẹjọ ọdún 1977 ni ọlọ́pàá dá Biko àti Peter Jones dúró lójú ọ̀nà nítòsí Grahamstown. Ní yàrá 619 nínú ilé Sanlam ní Port Elizabeth ni wọ́n ti fọ̀rọ̀ wá Biko lẹ́nu wò, ibẹ̀ lorí rẹ̀ ti fara pa. Àwọn dókítà rí i, wọn kò gbà á sílẹ̀. Níhòòhò ni wọ́n gbé e sí ẹ̀yìn Land Rover, wọ́n sì wà á lọ sí Pretoria, ìrìn tó lé ní kìlómítà 1,000. Kò pẹ́ tó débẹ̀ tó fi kú. Ọmọ ọgbọ̀n ọdún ni. Kruger ní ó fi ebi pa ara rẹ̀ ni, ó sì sọ níwájú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ pé ikú náà kò ta òun lára.

Níbi tí iṣẹ́ Woods ti tóbi jù lójú tiwa nìyí. Kò jókòó kó máa kọ̀wé ẹ̀dùn. Òun àti Ntsiki, ìyàwó olóògbé, lọ sí ilé òkú, wọ́n sì rí i pé wọ́n ya àwòrán òkú náà. Ẹni tí ebi pa kì í ní ọgbẹ́ lórí. Ní Johannesburg, Helen Zille, akọ̀ròyìn Rand Daily Mail, lọ bá àwọn dókítà, òun náà sì tú irọ́ ebi náà fó. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, lẹ́yìn tí Sydney Kentridge, agbẹjọ́rò ìdílé Biko, ti fi ìbéèrè tú àwọn ọlọ́pàá sí gbangba, adájọ́ Marthinus Prins sọ ní ìṣẹ́jú díẹ̀ pé ọpọlọ tó fara pa ló pa Biko, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ nígbà tóun àti ọlọ́pàá ń wọ̀yá ìjà, àti pé kò sí ẹni tí ẹ̀bi kàn. Ní ọdún 1979 ìjọba san Rand 65,000 fún ìdílé náà. Ọ̀rọ̀ parí nìyẹn lójú òfin.

Kí adájọ́ yẹn tó sọ̀rọ̀, wọ́n ti pa Woods lẹ́nu mọ́. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹwàá ọdún 1977, ìjọba ti ìwé ìròyìn The World pa, wọ́n ti Percy Qoboza tó jẹ́ olóòtú rẹ̀ mọ́lé, wọ́n fòfin de àwọn ẹgbẹ́ Black Consciousness, wọ́n sì sé Woods náà mọ́ fún ọdún márùn-ún. Kò gbọdọ̀ kọ ohunkóhun, ì báà jẹ́ ìwé àkọsílẹ̀ inú ilé. Ó ń kọ ìtàn ìgbésí ayé Biko ní bòókẹ́lẹ́ síbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ọlọ́pàá tó ń ṣọ́ ilé rẹ̀ níta. Lọ́jọ́ kan ẹ̀wù kékeré kan dé, tí wọ́n ya àwòrán Biko sí. Ọmọbìnrin Woods, ọmọ ọdún márùn-ún, ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Kẹ́míkà tó ń jóni lára ni wọ́n ti fi sínú rẹ̀. Ẹ̀wù náà ló jẹ́ kí òun àti Wendy, ìyàwó rẹ̀, pinnu pé àfi kí wọ́n sá.

Ní ìparí ọdún náà, Woods wọ aṣọ àlùfáà, ó ń wọ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ lójú ọ̀nà títí ó fi dé etí odò Telle ní ẹnubodè Lesotho. Òjò ti kún odò náà. Ìwé ìrìnnà ayédèrú ló fi gba orí afárá kọjá nínú ọkọ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ Lesotho. Ó tẹ ìyàwó rẹ̀ láago, òun àti àwọn ọmọ márààrún sì tẹ̀lé e. Láti ibẹ̀, pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, wọ́n fò lókè ilẹ̀ South Africa fúnra rẹ̀ lọ sí Botswana, kí wọ́n tó dé London.

Àwọn kan á ní a tún ti ń gbé òyìnbó kalẹ̀ bí akọni nínú ìjà ènìyàn dúdú. Wọn kò jayò pa. Nígbà tí fíìmù tó dá lórí ìtàn yìí jáde ní 1987, ẹ̀sùn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi kàn án ni pé Biko kú tán, fíìmù wá gbé kámẹ́rà tẹ̀lé ìdílé Woods dé òpin. Woods tilẹ̀ rí ẹni bá a ṣí ilẹ̀kùn ní London. Nat Nakasa, akọ̀ròyìn dúdú tó fẹ́ lọ kàwé ní Harvard, ìwé àlọ-àì-padà-wálé nìjọba fún un ní 1964. Ọdún kejì ló kú sí New York, ọdún 2014 ni wọ́n tó gbé eegun rẹ̀ wálé. Qoboza ní tirẹ̀ wà lẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n Woods mọ ohun tí àwọ̀ rẹ̀ lè rà fún un, ó sì ná an sórí ẹjọ́ Biko. Ó bá Ìgbìmọ̀ Aláàbò Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ̀rọ̀ lóṣù àkọ́kọ́ ọdún 1978, ó sì ń káàkiri ayé, ó ń bẹ àwọn ìjọba pé kí wọ́n má ṣe bá Pretoria dòwò pọ̀. Ọdún 1990 ló tó lè fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ìbí rẹ̀ padà.

Ohun tó ń bí wa nínú kọjá òyìnbó àti dúdú. Òkìkí tí ìwé Woods fún Biko ti di aṣọ tí ìjọba lẹ́yìn ìjọba ń fi bojú. Ní 1997, Mandela ṣí ère Biko ní East London, Woods fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó wá owó rẹ̀. Ní Pretoria, ìlú tí wọ́n ti jẹ́ kó kú sí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ àhámọ́, ilé ìwòsàn ńlá kan ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tí wọ́n tíì gbé lọ sílé ẹjọ́ lórí ikú rẹ̀.

Àǹfààní kò sì wọ́n wọn. Nígbà tí wọ́n ń dá Ìgbìmọ̀ Òtítọ́ àti Ìlàjà sílẹ̀, èyí tó lè dárí ji ẹni tó bá jẹ́wọ́ ohun tó ṣe láyé ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà, ìdílé Biko wà lára àwọn tó lọ bá ilé ẹjọ́ tó ń rí sí òfin ìpìlẹ̀ ní 1996, wọ́n ní kí wọ́n má fi ìdáríjì gba ẹ̀tọ́ ìdájọ́ lọ́wọ́ àwọn. Ilé ẹjọ́ dá wọn lẹ́bi. Ìdáhùn tí wọ́n fún wọn ni pé ẹni tí kò bá sọ òtítọ́ pátápátá kò ní rí ìdáríjì gbà, òfin yóò sì mú un. Ọlọ́pàá márùn-ún wá tọrọ ìdáríjì lórí ikú Biko, Harold Snyman, Daniel Siebert àti Gideon Nieuwoudt wà lára wọn. Ní 1999, ìgbìmọ̀ náà kọ̀ fún wọn. Àdéhùn ni pé agbẹjọ́rò ìjọba ló kàn. Ní 2003 agbẹjọ́rò ìjọba ní ẹ̀rí kò tó. Nieuwoudt kú ní 2005. Nǹkan bíi 300 ẹjọ́ tí ìgbìmọ̀ náà fà lé agbẹjọ́rò ìjọba lọ́wọ́ ló sùn bẹ́ẹ̀, tó fi jẹ́ pé ní 2025 Ààrẹ Ramaphosa tún ní láti gbé ìgbìmọ̀ mìíràn dìde láti wádìí ẹni tó dá wọn dúró.

Ẹ jẹ́ ká wo Ahmed Timol, ajìjàgbara mìíràn tó kú sí àhámọ́ ọlọ́pàá. Ó jábọ́ láti àjà kẹwàá ilé ọlọ́pàá John Vorster Square ní 1971, adájọ́ ní ó pa ara rẹ̀ ni. Ní 2017, Adájọ́ Billy Mothle wọ́gi lé ìdájọ́ yẹn, ó ní wọ́n pa á ni. Wọ́n pe ọlọ́pàá àtijọ́ kan, João Rodrigues, lẹ́jọ́. Ó ń pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kiri títí ikú fi mú un ní 2021, kí ẹjọ́ ìpànìyàn náà tó bẹ̀rẹ̀. Bí ilé ẹjọ́ ṣe ń lọ́ra nìyẹn ní orílẹ̀-èdè tó ní òun gbà pé wọ́n ṣẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé arúgbó ni àwọn tó kù, kí wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Àwa kò gbà. Arúgbó ni àwọn ẹlẹ́rìí náà. Woods kú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2001, kò rí i kí wọ́n pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ lórí ikú ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí ọjọ́ orí bá lè gba ọlọ́pàá lọ́wọ́ ẹjọ́, a jẹ́ pé ẹni tó bá ti lè fi ẹjọ́ falẹ̀ ló jàre.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ láti Gqeberha kò pọ̀. Kí ilé ẹjọ́ wọ́gi lé ìdájọ́ Prins, kó sì dárúkọ àwọn tó wà ní yàrá 619, àti àwọn dókítà tó bọ́wọ́ lù ú kí wọ́n gbé e rìn, yálà wọ́n wà láyé tàbí wọ́n ti kú. Kí ìjọba kó ìwé àṣírí àwọn ọlọ́pàá inú sí gbangba fún ìdílé Biko àti fún àwọn akọ̀ròyìn. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá sì ṣì ń mí, kí agbẹjọ́rò ìjọba fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn án láàárín oṣù mẹ́ta lẹ́yìn ìdájọ́, kí wọ́n má sì gbà kí ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kankan dá ìgbẹ́jọ́ náà dúró.