Àtúnṣe: Ẹfọ̀n kì í ṣe màlúù tó sá wọgbó

Ẹ̀yin ará Abẹ́òkúta, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ kiri lórí WhatsApp, pé màlúù tó sá wọgbó ló di ẹfọ̀n, àti pé ewúrẹ́ igbó ni ìgalà, kò rí bẹ́ẹ̀. N kò bú ẹni tó gbà á gbọ́ o. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu alápatà ní Lafẹ́nwá rí.

Ẹbí ni màlúù àti ẹfọ̀n lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀kan kò bí èkejì. Ẹranko igbó kan tó ń jẹ́ aurochs ni màlúù ilé ti ṣẹ̀ wá. Poland ni èyí tó kẹ́yìn nínú wọn kú sí lọ́dún 1627. Ẹfọ̀n kò sí nínú ìtàn yẹn rárá. Kódà, kromosómù màlúù (àwọn fọ́nrán inú ara tó ń gbé àbùdá láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ) jẹ́ 60, ti ẹfọ̀n odàn jẹ́ 52.

Ti ìgalà ló yà mí lẹ́nu jù. Ẹ wo ìwo akọ rẹ̀, bó ṣe lọ́ bí okùn. Agbo kan náà ni òun, kudu àti eland (ẹranko igbó méjì mìíràn nílẹ̀ Áfíríkà) wà, agbo yìí sì sún mọ́ màlúù ju ewúrẹ́ lọ. Ẹtu ló sún mọ́ ewúrẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí àtẹ ẹlẹ́ran ìgbẹ́ kan náà la ti ń rí òun àti ìgalà.