Kì í ṣe atẹ́gùn ló ń mú kaṣú so

Òkun o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láti Kàbà dé Ìsánlú pé kí a dáná sun gbogbo igbó etí oko nítorí kòkòrò ajẹ̀gbìn, pé atẹ́gùn nìkan ni kaṣú nílò láti so. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Lẹ́búlẹ́bú òdòdó kaṣú a máa lẹ̀ mọ́ nǹkan, atẹ́gùn kò lè gbé e bó ti yẹ. Oyin, eṣinṣin àti àwọn kòkòrò mìíràn tó ń gbé inú igbó etí oko ló ń gbé e kiri. Ti ẹ̀gúsí tilẹ̀ hàn kedere jù: ẹ wo oko láàárọ̀, òdòdó tí bàrà kékeré wà nídìí rẹ̀ ni abo, èyí tí kò ní i ni akọ. Bí oyin kò bá ti ara akọ dé ara abo kí òdòdó ọjọ́ náà tó rọ, bàrà kékeré yẹn á súnkì, á sì já bọ́.

Ọ̀yà àti ejò ń gbé inú igbó, n kò jiyàn ìyẹn. Ẹ fi ìwọ̀nba sílẹ̀, kí ẹ ro àyíká rẹ̀ kí iná má baà wọ̀ ọ́ nígbà ọyẹ́. Ẹ dá igi ẹmi ibẹ̀ sí, oyin fẹ́ràn òdòdó rẹ̀. Kòkó ló yàtọ̀: kòkòrò tíntìntín tó ń pọ̀ sí i nínú ìràwé tó ń jẹrà ló ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀, ẹ má gbá ìdí rẹ̀ mọ́ tónítóní.

Bí ẹ bá sì gbọ́dọ̀ fín oògùn sí kaṣú tó ń tanná, ẹ dúró di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí oyin bá ti wọlé.